Ayálégbé inú ewé: olú tó ń gbé inú ọ̀gbìn, àti ohun tí àgbẹ̀ Èkìtì lè rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀

Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024 ni òfin tí NAFDAC fi ká àwọn oògùn oko kan lọ́wọ́ kò dé sórí paraquat, oògùn apakoríko. Kí ọdún náà tó parí, ó kan chlorpyrifos, oògùn apakòkòrò. Bí 2025 sì ti wọlé, ó kan atrazine, apakoríko mìíràn. Àgbẹ̀ tó ń dá oko àgbàdo lápá Ìkọ̀lé, tàbí tó ń ṣe kòkó ní Ìsẹ̀ àti Ẹmùré, mọ iṣẹ́ tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ń ṣe dáadáa, ó sì fẹ́ mọ ohun tí yóò fi dípò wọn. Ibẹ̀ ni àwọn ìyẹ̀fun kan ti ń rí àyè wọlé. Wọ́n kọ Trichoderma tàbí Beauveria sára àpò wọn, ẹni tó ń tà wọ́n á sì ní, "Èyí kì í ṣe kẹ́míkà o, abẹ̀mí ni." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun abẹ̀mí ń kú, ó ń yan ilé tí yóò gbé, ó sì lè yíwà padà bí ilé bá gbóná mọ́ ọn. Ẹni tí kò bá mọ èyí kó tó sanwó, iyẹ̀pẹ̀ ló rà.

Olú ni ohun abẹ̀mí ọ̀hún. Kì í ṣe olú tí à ń já lórí ìtí ọ̀pẹ lẹ́yìn òjò tí a fi ń se ọbẹ̀, àmọ́ ìdílé kan náà ni wọ́n, àti ìwúkàrà inú búrẹ́dì, àti èyí tó ń mú ẹ̀kọ àná bu. Ara olú gan-an ni àwọn fọ́nrán funfun tó tín-ín-rín ju irun orí lọ. Èyí tí à ń já yẹn, èso rẹ̀ ni, bí ọsàn ti jẹ́ sí igi ọsàn. Àwọn kan wà nínú ìdílé náà tí kì í so èso tí ojú lè rí rárá. Inú ewé, inú pòròpórò, inú gbòǹgbò ni wọ́n ń gbé, ewéko tó sì gbà wọ́n sílé kì í ṣe bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Anton de Bary, ló fún irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ lórúkọ ní 1866: endophyte, ìyẹn ohun tó ń gbé inú ewéko. Olú inú la ó máa pè é níhìn-ín.

Ẹ má kà á mọ́ afòmọ́. Afòmọ́ ò légbò, gbogbo igi ní í bá tan. Orí ẹ̀ka ló ń jókòó sí ní gbangba, olóko obì á rí i, á sì gé e dànù. Olú inú kò ṣeé rí, kò sì ṣeé gé. Àwọn onímọ̀ ti yẹ inú onírúurú ewéko wò, láti orí kòkó dé orí ìrẹsì dé orí koríko ẹ̀bá ọ̀nà, agbára káká ni wọ́n fi ń rí èyí tí ilé rẹ̀ ṣófo. Ewé kòkó kan ṣoṣo lè gba oríṣiríṣi wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí wọ́n ṣe ń wọlé kì í ṣe bákan náà. Nínú àwọn koríko kan, ogún ìyá ni: fọ́nrán olú náà wọ inú irúgbìn, irúgbìn hù, olú bá a hù. Nínú igi bíi kòkó, ìta ló ti ń wá. Ewé kòkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, tó ṣì pọ́n rẹ́súrẹ́sú, fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní olú kankan nínú. Atẹ́gùn àti òjò ló ń gbé irúgbìn olú, tó kéré ju lẹ́búlẹ́bú lọ, wá bà sórí rẹ̀. Bí ìrì bá jẹ́ kí ojú ewé tutù fún wákàtí mélòó kan, irúgbìn yẹn á ta, á gba ihò tí ewé fi ń mí wọlé tàbí kó jẹ awọ ewé lu. Lẹ́yìn náà á fara balẹ̀. Ṣúgà díẹ̀ tó ń jò láàárín ara ewéko ni oúnjẹ rẹ̀. Owó ilé tó ń san yàtọ̀: òmíràn ń pèsè oró tí kòkòrò kò fẹ́, òmíràn kàn ń gba àyè tí àrùn ìbá jókòó sí, òmíràn ń ta ewéko jí kí ó ti múra ogun sílẹ̀ kí ogun tó dé, òmíràn ń ràn án lọ́wọ́ nígbà ọ̀dá.

Àwọn mìíràn kì í san kọ́bọ̀. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé sùúrù ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ń dúró de ọjọ́ tí onílé yóò rẹ̀.

Ohun tí koríko Amẹ́ríkà àti New Zealand kọ́ ayé

Koríko ẹran kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Kentucky 31. Ó lágbára, ọ̀dá kì í tètè pa á, àwọn olùsìn màlúù sì gbìn ín káàkiri. Ṣùgbọ́n màlúù tó jẹ ẹ́ ń rù, ooru ń yọ wọ́n lẹ́nu, pátákò òmíràn a tilẹ̀ jẹrà bọ́ nígbà òtútù. Ọdún 1977 ni àwọn olùwádìí so ọ̀rọ̀ náà mọ́ olú kan tó ń gbé inú koríko ọ̀hún. Oró tó ń pèsè ló ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ ẹran pọ̀. Ní New Zealand, àgùntàn tó jẹ koríko ryegrass ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, olú inú náà ló fà á. Wọ́n wá ní ó tán, ẹ jẹ́ ká gbin koríko tí kò lólú. Kòkòrò gún un pa, nítorí olú tó ń dà àgùntàn láàmú yìí kan náà ló ń lé kòkòrò.

Ọ̀nà àbáyọ tí wọ́n rí ni kí wọ́n wá ẹ̀yà olú náà tí kò ní oró tó ń ṣe ẹran ní jàǹbá ṣùgbọ́n tó ṣì ní èyí tó ń lé kòkòrò, kí wọ́n sì fi í sínú irúgbìn koríko. Ọ̀kan nínú wọn, AR1, ti wà lọ́jà láti 2001. Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́ nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tó ń polówó kì í dé: orúkọ ìdílé olú kò tó. Ọmọ wo nínú ìdílé ni? Ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ olè kí àbúrò jẹ́ ọdẹ.

Èyí tó yani lẹ́nu jù wà ní ọgbà Yellowstone ní Amẹ́ríkà, níbi tí omi gbígbóná ti ń tú jáde láti inú ilẹ̀. (Ìkọ̀gosì wa ló móoru, tiwọn ń hó.) Koríko kan ń hù nínú ilẹ̀ tí ooru rẹ̀ lè tó 65°C. Olú kan ló wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ kó ṣeé ṣe. Ní 2007 wọ́n tún rí i pé fáírọ́ọ̀sì kan wà nínú olú yẹn, àti pé bí wọ́n bá lé fáírọ́ọ̀sì jáde, koríko àti olú kò lè fara da ooru náà mọ́. Ẹni mẹ́ta ló ń gbé ilé kan, bí ọ̀kan bá kó jáde, ilé wó.

Inú àgbàdo: ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá lábẹ́ òrùlé kan

Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Nínú àgbàdo, olú kan tó ń jẹ́ Fusarium verticillioides ló jọ ọ̀rọ̀ yẹn jù. Ó lè bá irúgbìn wọlé, ó lè gba ara irun àgbàdo wọ inú ọmọ, ó sì lè gba ihò tí kòkòrò gún sí pòròpórò. Àgbàdo tó gbà á lálejò lè dàgbà láìsí àmì àrùn kankan, kódà àwọn ẹ̀yà kan ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn olú tó burú jù ú lọ. Ìṣòro rẹ̀ ni oró tó ń jẹ́ fumonisin, tí àwọn olùwádìí ní South Africa kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀ ní 1988. Oró yìí ń ba ọpọlọ ẹṣin jẹ́, ó ń mú kí omi dá sínú ẹ̀dọ̀fóró ẹlẹ́dẹ̀, ó sì wà lára ohun tí wọ́n fura sí lórí jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun láàárín àwọn tí àgbàdo jẹ́ olórí oúnjẹ wọn. Ọ̀dá tó mú àgbàdo nígbà tó ń yọ irun, àti kòkòrò tó gún un, ló sábà ń mú kí oró náà pọ̀. Ọmọ àgbàdo lè mọ́ lójú kí oró wà níbẹ̀.

Sísè kò mú un kúrò. Rírẹ àgbàdo fún ògì ń dín in kù díẹ̀, kì í tán an. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù ni ṣíṣà: ẹ ṣa èyí tó ti fọ́, èyí tó ti bu, èyí tí kòkòrò ti jẹ àti èyí tó fúyẹ́ tó ń léfòó kúrò, nítorí inú wọn ni ọ̀pọ̀ jù lọ oró náà wà. Ẹ má fi wọ́n bọ́ adìẹ tàbí ẹlẹ́dẹ̀ o. Lẹ́yìn ṣíṣà ni gbígbẹ. Àgbàdo àkọ́kọ́ ní Èkìtì ń gbó láàárín oṣù keje sí ìkẹjọ, òjò sì ṣì wà nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ kí a tó kó o sínú àpò, ó yẹ kí omi inú rẹ̀ ti dín sí ìdá 13 nínú 100. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n lè lo iyọ̀: ẹ mú ìgò gbígbẹ, ẹ da ọmọ àgbàdo sí i dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ fi ṣíbí iyọ̀ gbígbẹ méjì sí mẹ́ta kún un, ẹ dé e, ẹ gbọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú kan, ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú àgbàdo náà ṣì ju 15 lọ. Ẹ tún un sá.

Beauveria bassiana wà lápá kejì. Orúkọ Agostino Bassi, ará Ítálì, ni wọ́n fi sọ ọ́, ẹni tó fi hàn ní 1835 pé olú yìí ló ń pa kòkòrò tó ń ṣe sílíìkì. Irúgbìn rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ awọ kòkòrò, á jẹ ẹ́ lu, á sì hù nínú rẹ̀ títí yóò fi kú. Ọdún 1991 ni àwọn ará Amẹ́ríkà kan tẹ̀wé jáde pé tí a bá fi í sára àgbàdo, ó ń wọ inú pòròpórò lọ, kòkòrò tó ń gún àgbàdo kì í sì í ráyè ṣe bó ti fẹ́ níbẹ̀. Láti ìgbà tí kòkòrò fall armyworm, èyí tó ń jẹ ọkàn àgbàdo, ti wọ Nàìjíríà ní 2016 ni ojú ti wà lára olú yìí níhìn-ín náà.

Ẹ gbọ́ ibi tó ti ń já kulẹ̀ o. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀ ni olú náà ń dín kù nínú àgbàdo, nítorí náà èyí tí a fi po irúgbìn lè má sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tí kòkòrò bá dé. Oòrùn ń pa irúgbìn rẹ̀ lórí ewé láàárín wákàtí díẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ la fi ń fín in, sínú ọkàn àgbàdo tààrà. Kì í sì í pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀ bíi kẹ́míkà: ọjọ́ mẹ́ta sí méje ni, àgbẹ̀ tó bá fín in ní alẹ́ tó sì ń retí òkú kòkòrò láàárọ̀ á ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Èyí tó burú jù ni ti irúgbìn. Apron Star tí ọ̀pọ̀ ń fi po irúgbìn àgbàdo ní difenoconazole nínú, oògùn tó ń pa olú sì ni ìyẹn. Ẹni tó bá po Apron Star mọ́ irúgbìn tó tún wá da Beauveria tàbí Trichoderma lé e, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi pa ohun tó rà. Ọ̀kan ni kí ẹ mú.

Aflasafe, ọjà tí a ń fọ́n sí oko àgbàdo láti dín oró aflatoxin kù, kì í ṣe olú inú ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni wọ́n fi ṣe é, òun ló sì súnmọ́ àgbẹ̀ wa jù. IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, àti àwọn elétò ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà ló jọ ṣe é. Wọ́n wá ẹ̀yà Aspergillus flavus mẹ́rin tí wọ́n jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Nàìjíríà, tí kò lè pèsè oró aflatoxin, wọ́n fi wọ́n sára ọkà bàbà tí wọ́n ti pa kò lè hù mọ́. Wọ́n ń gba àyè lọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n wọn olóró. Kílò 10 ló ń lọ sí hẹ́kítà kan, ìyẹn kílò 4 sí éékà. Ọwọ́ la fi ń fọ́n ọn sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ òdòdó, nígbà tí ilẹ̀ tutù. Ẹ kọ́kọ́ ro oko ná. Bí a bá fọ́n ọn tán ká tó ro oko, abẹ́ ilẹ̀ la rì í sí. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, olú kò ní hù lára ọkà náà, èèrà àti ẹyẹ ni yóò jẹ ẹ́. Kò sì dá fumonisin dúró, oró ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Kòkó

Lórí kòkó ni a rò pé èrè tó pọ̀ jù wà fún Èkìtì, òun náà sì ni wọ́n ń sọ àsọdùn nípa rẹ̀ jù.

Àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú nígbà òjò, Phytophthora megakarya ló ń fà á níhìn-ín. Ó jọ olú, kì í ṣe olú tòótọ́. Ìdí nìyẹn tí metalaxyl inú oògùn Ridomil fi ń pa á tí kì í fi bẹ́ẹ̀ pa olú. Ṣùgbọ́n Ridomil Gold Plus tí a ń fín sórí kòkó ní bàbà nínú pẹ̀lú, bàbà kò sì mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. A ó padà sórí ìyẹn.

Ní Panama, àwọn olùwádìí kan fi olú inú tí wọ́n yọ látinú ewé kòkó tí ara rẹ̀ le padà sára ewé àwọn ọmọ kòkó kan, wọ́n fi àwọn mìíràn sílẹ̀ lófo, wọ́n wá da Phytophthora lé gbogbo wọn. Ewé tó ní olú inú kò kú tó ti àwọn tó ṣófo. Wọ́n tẹ èyí jáde ní 2003. Ọ̀kan lára àwọn olú tó ń ṣiṣẹ́ yìí ni Colletotrichum tropicale. Ẹ dúró síbẹ̀ díẹ̀: ìdílé Colletotrichum yìí kan náà ló ń fi àmì dúdú sára máńgòrò tó pọ́n, tó sì ń jó ewé iṣu ewùrà gbẹ. Lára máńgòrò, ìgbà tí èso ṣì kéré ló ti ń wọlé, yóò wá sùn títí èso yóò fi pọ́n.

Trichoderma ni àwọn ará Kamẹrúùnù mú ní tiwọn. Wọ́n fi Trichoderma asperellum bá P. megakarya jà nínú oko, wọ́n sì rí i pé bí a bá po irúgbìn olú náà mọ́ òróró sóyà dípò omi lásán, ó ń pẹ́ lára èso kòkó, òjò kì í tètè fọ̀ ọ́ lọ. Àwọn ará Brazil ní tiwọn tó ń jẹ́ Tricovab, Trichoderma stromaticum ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àrùn mìíràn tí kò sí ní Nàìjíríà ni wọ́n fi ń wò. Ẹni tó bá wá tà á fún àgbẹ̀ Ìkéré fún kòkó dúdú, bàtà tí kò bá ẹsẹ̀ mu ló ń tà.

Trichoderma nìkan kò lè borí megakarya nínú oko tó dí. Kó tó lè ṣe nǹkan kan, ẹ gé ẹ̀ka tó ṣíji jù kí atẹ́gùn lè gba inú oko kọjá. Láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹwàá, ẹ máa já èso tó ti dúdú lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì sin wọ́n tàbí kí ẹ gbé wọn kúrò. Èso dúdú kan tí a gbàgbé sórí igi tó láti kó àrùn ran igi tó yí i ká. Bí ẹ bá ti fín oògùn oníbàbà, ẹ jẹ́ kí ó tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó fín olú, ẹ má sì fi táńkì kan náà fín in láìfọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní.

Ibi tí Trichoderma ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù ni ilé ọmọ kòkó, inú ilẹ̀ ọ̀rá. Ẹ po kílò kan mọ́ kílò 100 ìgbẹ́ ẹran tó ti jinná, ẹ wọ́n omi sí i títí yóò fi tutù bí aṣọ tí a fún tán, ẹ bò ó mọ́lẹ̀ lábẹ́ ibòji fún ọjọ́ 10 sí 15, ẹ máa yí i ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta sí mẹ́rin. Ìgbẹ́ adìẹ tútù, tó pọ̀ nílẹ̀ wa, ni ọ̀pọ̀ ń lò, àṣìṣe sì ni. Ooru inú òkìtì rẹ̀ á pa olú náà. Bí ẹ bá ki ọwọ́ bọ inú òkìtì tí kò ṣeé fi ọwọ́ sí, kò tíì tó àkókò.

Iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀

Ọ̀rọ̀ iṣu kò ní gùn. Lasiodiplodia theobromae wà lára àwọn olú tó ń mú iṣu jẹrà nínú àká, ó sì lè sùn nínú igi kòkó láìṣe nǹkan kan. Ọgbẹ́ ọkọ́ àti àdá lára iṣu ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ìyẹ̀fun olú kankan kò lè ṣe fún iṣu ohun tí wíwà á jẹ́jẹ́ lè ṣe, àti kíkó o sí ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́. Iyán Èkìtì ò sì gba iṣu jíjẹrà.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà yàtọ̀. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ṣe nínú láàbù máa ń mọ́ jù, olú inú ti tán nínú rẹ̀, bó bá sì dénú oko, kò sẹ́ni tó ń bá a ṣọ́ ilé. Àwọn onímọ̀ IITA ní Uganda gbìyànjú láti fi Fusarium oxysporum tí kò lóró padà sínú gbòǹgbò wọn kí ó lè gbógun ti aràn gbòǹgbò àti kòkòrò tó ń gún ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ Fusarium oxysporum mìíràn ni TR4, tó ń pa oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ run lágbàáyé, tó sì ti dé Mozambique láti 2013. Kò sí ìjọba tí yóò gba irú orúkọ yẹn wọlé láìbéèrè ìwé. Títí irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò fi wà, ẹ bó èèpo ìdí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ títí yóò fi funfun, kí ẹ rì í sínú omi híhó fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ tó gbìn ín.

Ọ̀rọ̀ oògùn ènìyàn

Taxol, oògùn jẹjẹrẹ, èèpo igi yew ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Igi yìí kì í tètè dàgbà, bíbó èèpo rẹ̀ sì ń pa á. Ní 1993 ni wọ́n kéde pé olú inú igi náà, Taxomyces andreanae, lè pèsè Taxol fúnra rẹ̀. Gbogbo ayé hó yèè. Ṣùgbọ́n èyí tó pèsè kéré débi pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún lítà kò lè fún aláìsàn kan ní ìwọ̀n tó tó. Ní 2013, àwọn olùwádìí ní Jámánì tún un yẹ̀ wò, wọn ò rí ẹ̀rí pé olú náà ń dá a ṣe. Láti ara ewé yew àti sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tí wọ́n ń tọ́ nínú táńkì ni Taxol òní ti ń wá.

Ìdí tí irú èyí fi ń ṣẹlẹ̀ yé àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà: bí a bá ti ń ṣí olú láti àwo kan sí òmíràn, ó ń gbàgbé. Kò sí ewéko tó ń ta á jí mọ́, kò sì sí ìdí tí yóò fi ṣòfò agbára. Wọ́n ti rí azadirachtin, ohun kíkorò inú dongoyárò, lára olú kan láti inú igi náà, ṣùgbọ́n ìṣòro yìí kan náà ló dojú kọ wọ́n. Ní ilẹ̀ wa, yunifásítì Nnamdi Azikiwe ní Awka wà lára ibi tí wọ́n ti ń yẹ olú inú ewé ìbílẹ̀ wò. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni jẹ́ kí ewé ewúro bu kó tó fi se àgbo. Olú tó hù lórí ewé nínú apẹ̀rẹ̀ kì í ṣe olú inú, oró rẹ̀ sì lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ jáde

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ọ̀gbìn ní FUOYE Ìkọ̀lé tàbí EKSU lè ṣe é láìsí ẹ̀rọ olówó gọbọi. Ewé tí ara rẹ̀ le ni kí ẹ já, kí ó dé láàbù láàárín wákàtí 24. Ẹ fọ̀ ọ́ lábẹ́ omi ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà, spírítì ìdá 70 fún ìṣẹ́jú kan, omi bílíìṣì ìdá 2 sí 3 fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, spírítì padà fún ìṣẹ́jú àáyá 30, omi tí a ti sè pa kòkòrò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ ka ara ìgò bílíìṣì dáadáa: bó bá jẹ́ ìdá 5 ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ fi omi là á ní ìlọ́po méjì. Ẹ gé ewé sí ìwọ̀n mílímítà 5, ẹ tò ó sórí oúnjẹ olú: omi tí a fi se ọ̀dùnkún òyìnbó (Irish potato) 200 gíráàmù, ṣúgà dextrose 20 gíráàmù, ágà 20 gíráàmù, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ lítà kan, tí a sè ní 121°C fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ fi chloramphenicol 100 mílígíráàmù kún un kí bakitéríà má bàa gbà á. Ooru 25 sí 28°C. Olú tó ń sáré á yọ ní ọjọ́ mẹ́ta, èyí tó lọ́ra lè dúró dé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èyí tó lọ́ra sì ló sábà ń ṣọ̀wọ́n, nítorí náà ẹ má tètè da àwo nù.

Ibi tí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ti ń bàjẹ́ nìyí: wọ́n ń gbàgbé láti da omi ìfọ̀kẹyìn sórí àwo kan lọ́tọ̀. Bí olú bá hù níbẹ̀, ara ewé kò mọ́, a jẹ́ pé olú ìta ni wọ́n ń pè ní olú inú. Bí kò bá sì sí ohunkóhun tó hù lára ewé rárá, bílíìṣì ti wọ inú rẹ̀, ẹ dín ìṣẹ́jú kù.

Kí ẹ tó sanwó

Àpò tó dára ní orúkọ olú ní kíkún, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀yà rẹ̀. Ó ní nọ́ńbà NAFDAC. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí yóò kú, àti iye tó wà láàyè: 1×10⁸ cfu/g túmọ̀ sí mílíọ̀nù 100 nínú gíráàmù kan. Èyí tó bá kàn kọ "organic" pẹ̀lú àwòrán ewé, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ wo ibi tí wọ́n kó o sí náà. Inú ìsọ̀ onípáànù ní oṣù kejì sí ìkẹta, ooru rẹ̀ lè kọjá 35°C, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀ ti tó láti sọ ohun abẹ̀mí di òkú kí ọjọ́ ara àpò tó pé.

A lè dán an wò nílé. Ẹ se ìrẹsì díẹ̀ ní ìlàjì jíjinná, ti Ìgbẹmọ á ṣe é dáadáa, ẹ pín in sínú ìgò ńlá méjì tó mọ́, ẹ fi òwú dí ẹnu wọn, kí ẹ sì gbé wọn sínú ìkòkò tí omi ń hó fún ìṣẹ́jú 40. Bó bá tutù, ẹ fi ṣíbí tí a ti fi iná jó bu ìyẹ̀fun náà ṣín-ń-ṣín sínú ọ̀kan, ẹ fi èkejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ dí wọn padà, ẹ gbé wọn síbi tí oòrùn kò dé. Trichoderma á funfun ní ọjọ́ kejì sí ìkẹta, á sì di àwọ̀ ewé ní ìkẹrin sí ìkarùn-ún. Beauveria lọ́ra, ó lè gba ọjọ́ mẹ́wàá, funfun bí ẹfun ló sì ń wà. Bí nǹkan kan kò bá hù nínú ìgò àkọ́kọ́, òkú ni wọ́n tà. Bí dúdú, pupa tàbí omi tó ń rùn bá yọ, àdàlù ni. Bí èkejì náà bá hù, ọwọ́ wa ni kò mọ́, ẹ tún un ṣe. Àwọ̀ ewé nìkan kò sì tó ẹ̀rí pé Trichoderma ni, nítorí àwọn olú olóró mìíràn ní irú àwọ̀ yẹn: ẹ má ṣí ìgò náà gbóòórùn, ẹ sè é fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bó ti wà, kí ẹ sin ín, ẹ má dà á fún adìẹ.